Fíìmù tí Agékúrú Ṣe Nípa Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Agékúrú ni gbogbo wa ń pè é ní ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gé fíìmù tó bá gùn jù, àti nítorí pé bí èèyàn bá ń bá a sọ̀rọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà fẹ́ pẹ́ nílẹ̀, á ní, "Gé e kúrú, jọ̀ọ́." Èmi ni mò ń bójú tó ohùn. Yàrá kan náà la jọ ń lò, yàrá tí kò ní fèrèsé, tí ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ ń kán omi sínú ike kan tí a máa ń gbàgbé láti dà nù.

Ìpolówó ọṣẹ àti ìròyìn ojú ọjọ́ ló ń gé lójoojúmọ́. Ó mọ̀ ọ́n ṣe, ṣùgbọ́n ó ti sú u. Fíìmù tirẹ̀, èyí tó ń dá ṣe nílé, ló gbà á lọ́kàn. Kì í ṣe irú èyí tí ẹ mọ̀ o, tí ọkọ àti ìyàwó á jà, tí wọ́n á sì parí ìjà kó tó tán. Ó lè gbé kámẹ́rà síwájú ògiri kan títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó lè fi abẹ́rẹ́ ha ojú àwòrán títí ẹni tó wà nínú rẹ̀ á fi dà bí ẹni tó dúró sínú òjò. Nígbà kan, ó ri ọ̀já fíìmù mọ́ iyẹ̀pẹ̀ inú ìkòkò òdòdó, kó lè jẹrà díẹ̀.

Mo bi í pé, "Ṣé o fẹ́ kó hù ni?"

Ó ní, "Mo fẹ́ rí bí ìrántí ṣe ń bàjẹ́."

Mo dìde, mo lọ da omi inú ike nù.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni fíìmù náà dá lé lórí. Jàǹbá ọkọ̀ ló pa ìyá wọn nígbà tí Agékúrú ṣì kéré. Ohun tí gbogbo ẹbí sì mọ̀ ni pé ẹ̀gbọ́n yìí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀, ló wà nídìí ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Agékúrú wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò rántí ju òórùn epo bẹntiróòlù àti ẹsẹ̀ bàtà ìyá rẹ̀ kan lójú títì. Láti ìgbà náà ni ọtí ti di bárakú fún ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe, iṣẹ́ rẹ̀ sì máa ń dá múṣémúṣé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé iṣẹ́ fún un kì í mọ ìgbà tó máa rí i. Ìyàwó rẹ̀ fara dà á títí, ó sú u, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ. Agékúrú ló kù tó ń wá a kiri, tó ń gbé e dìde nílẹ̀, tó ń nu èébì. Ó mú un lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn ọ̀mùtí. Ẹ̀gbọ́n wọlé, ó jáde, ó tún wọlé.

"Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ràn Bọ̀dá mọ́ o," ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan. "Ó ṣáà ti rẹ̀ mí ni."

Lọ́dọ̀ Agékúrú náà ni bàbá wọn ń gbé. Arúgbó ni wọ́n, ọpọlọ wọn ti ń lọ díẹ̀díẹ̀, Agékúrú ọmọ wọn obìnrin ni wọ́n sì máa ń pè ní ìyàwó wọn, bí ẹni pé ìyá tó ti kú ni.

Ohun tí Agékúrú fẹ́ ṣe nínú fíìmù náà kò le rárá. Ẹ̀gbọ́n á jókòó sórí àga nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á sọ ìtàn jàǹbá náà. Lọ́jọ́ mìíràn, á tún un sọ. Agékúrú á wá to àwọn ìtàn náà lé ara wọn, kí a lè gbọ́ ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. Ó ní kó má mutí lọ́jọ́ tí a bá ń bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Bó bá máa jẹ́ kí o fi mí lọ́rùn sílẹ̀, mo gbà."

Ó sì ṣe é lóòótọ́. Ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, òógùn á bò ó, ṣùgbọ́n kò ní fi ẹnu kan ọtí. Èmi ni mo gbé máìkì dání. Lọ́jọ́ kan, ó ní òjò ló ń rọ̀ nígbà tí jàǹbá náà ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, ó ní oòrùn ló mú ganrínganrín. Ìyá ń sùn, àbí ìyá ń kọrin. Inú Agékúrú ń dùn, torí ohun tó ń wá gan-an nìyẹn.

Ọ̀sán kan, a tún jókòó sí àárín eruku pákó, ẹ̀gbọ́n sì bẹ̀rẹ̀ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí ọkọ̀ ti yà kúrò lójú títì, ó ní, "Màámi na ọwọ́ sẹ́yìn, mo dì í mú."

Agékúrú gbé ojú kúrò lára kámẹ́rà. "Ẹ̀yìn wo, Bọ̀dá? Ṣebí ẹ̀yin lẹ wà nídìí sítíárìn."

Ẹ̀gbọ́n wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Rárá," ó ní. "Bàbá ni."

Kámẹ́rà ṣì ń ṣiṣẹ́.

"Wọ́n ti mutí. Mo gbọ́ òórùn rẹ̀ kí a tó gbéra. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá ń bọ̀, Bàbá di aṣọ mi mú, wọ́n ń sunkún. Wọ́n ní táwọn bá lọ sẹ́wọ̀n, ta ló máa tọ́ ìwọ? Ni mo bá ní èmi ni. Àwọn ọlọ́pàá wò mí, wọ́n ní ọmọdé ni mí, àánú mi ṣe wọ́n, wọ́n fi mí sílẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà máa tán bílẹ̀ bá mọ́ ni."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi látọjọ́ yìí?"

"Mo ti sọ pé èmi ni, mo sọ ọ́ títí tí mo fi ń rí ọwọ́ ara mi lórí sítíárìn. Lójú oorun, èmi ni mò ń wà á. Ìgbà míì wà tí mo máa ń rò pé bóyá èmi gan-an ni." Ó ní ká fún òun lómi. Ó mu ún tán. "Má fi èyí síbẹ̀ o. Bàbá ṣì wà láyé."

"Bàbá ò mọ ẹni tí àwọn fúnra wọn jẹ́ mọ́."

"Èmi mọ̀ wọ́n."

Mo bá Agékúrú délé lọ́jọ́ náà, torí mi ò fẹ́ kó dá lọ. Bàbá wà lórí àga wọn. Wọ́n rí i, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, o mà pẹ́ o." Ó fún wọn lóúnjẹ, ṣíbí kan tẹ̀lé òmíràn, ó nu ẹnu wọn. Nígbà tó gbé abọ́ wọ ilé ìdáná, ó fara ti ògiri.

"Mo fẹ́ bínú," ó ní, "mi ò rí ẹni tí mo máa bínú sí. Ẹni tó ṣe é ti lọ. Ara ló fi sílẹ̀ kí n máa wẹ̀."

Ó fi ọ̀pọ̀ oṣù to fíìmù náà. Ó kó gbogbo ìtàn tó kù lé ara wọn, òjò lórí oòrùn, orin lórí oorun. Nígbà tó kan ọ̀sán yẹn, ó ní kí n yọ ohùn rẹ̀ kúrò pátápátá. Mo yọ ọ́. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n nìkan ló kù lójú àwòrán, láìsí ìró kankan.

Gbọ̀ngàn kékeré kan ní ilé ìkàwé la ti ṣe àfihàn rẹ̀. Èèyàn ò pọ̀, àwọn kan sì dìde kó tó dé ìdajì. Nígbà tó dé ibi tí ohùn ti pa rọ́rọ́, bàbá kan tó jókòó níwájú mi yí sẹ́yìn, ó bi mí pé ṣé ẹ̀rọ wa ti bàjẹ́ ni. Ẹ̀gbọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó lọ̀ dáadáa. Ó ti fẹnu kan nǹkan díẹ̀ kó tó wá, a gbọ́ òórùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó jókòó jẹ́ẹ́ títí dé òpin. Lẹ́yìn náà ló fẹnu sí àbúrò rẹ̀ létí.

"Ọwọ́ mi mà ti gbó o."

"Gbogbo wa náà la ti gbó, Bọ̀dá."

Ọtí kò tìtorí ìyẹn fi í sílẹ̀. Ó padà sí ilé ìtọ́jú, òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n mú òun lọ lọ́tẹ̀ yìí. Ó jáde, ó tún ṣubú, ó tún padà. Àmọ́ bí ara rẹ̀ bá ti dá ṣáṣá, ó máa ń wá láàárọ̀ Sátidé láti wẹ bàbá wọn, kí Agékúrú lè rí oorun sùn. Mo bá wọn nídìí rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó ń fi tówẹ̀lì nu ẹ̀yìn arúgbó náà, ó ń rọra ṣe é bí ẹni ń nu gíláàsì. Bàbá gbójú sókè, wọ́n wò ó títí.

"Ta ni ọ́?" wọ́n ní.

"Káfíńtà ni mí, sà," ẹ̀gbọ́n dáhùn, ó sì ní kí wọ́n gbé apá kejì sókè.