Kúẹ́rì Tí Mo Kọ, Tí Èmi Náà Tún Fèsì Rẹ̀

Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀. Bí ẹ bá bi mí pé kí ni mo ṣe ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, èsì mi kò ní gùn: fáìlì ni mo gbé. Mo ń gbà á lọ́wọ́ ẹnìkan, mo ń kọ gbólóhùn kan sí i, mo ń fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Mo mọ ìwé òfin iṣẹ́ ìjọba bí àlùfáà ṣe mọ Bíbélì, mo sì máa ń kà á sí àwọn ènìyàn létí nígbà tí wọn kò bi mí. Orúkọ tí wọ́n ń pè mí lẹ́yìn ni Bàbá Kúẹ́rì, nítorí pé tó bá di ká kọ ìwé wí-tẹnu-rẹ sí òṣìṣẹ́ tó ṣẹ̀, kò sí ẹni tó tó mi.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo padà sílé ní Ìlaró. Kí oṣù kan tó pé, mo ti lẹ ìwé mọ́ ògiri ilé ìdáná láti fi ẹni tí yóò máa fọ abọ́ ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan hàn. Èmi àti ìyàwó mi nìkan ni a wà nílé. Ó kà á tán, ó ní, "Bàbá wọn, ẹ lọ wáṣẹ́."

Iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló wá bá mi. Obìnrin kan tí òun àti àkọ́bí mi jọ lọ sílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti dá ilé iṣẹ́ gàrí sílẹ̀ ní ọ̀nà Ìgbógìlà. Ẹ̀rọ ló ń rin ẹ̀gẹ́ níbẹ̀, ẹ̀rọ ló ń fún un, ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn ló ń bó o. Obìnrin bí ọgbọ̀n ló máa ń jókòó sórí àpótí lábẹ́ páànù láti àárọ̀, tí wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́ sínú apẹ̀rẹ̀. Iye apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n bá bó kún lórí àpótí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ń sanwó.

"Bàbá," ó ní, "àwọn òṣìṣẹ́ mi ti ń pọ̀. Ẹ wá bá mi fi ètò sí i, bí wọ́n ṣe ń ṣe é níjọba."

Ó yẹ kí n bi í pé bí wọ́n ṣe ń ṣe kí ni níjọba. N kò bi í. Mo ti gbà kí ó tó dákẹ́. Lójú àwọn òṣìṣẹ́, Màdáámù ni mò ń pè é. Bí kò bá sí ènìyàn nítòsí, ọmọ mi ni. Nígbà mìíràn méjèèjì á lọ́ pọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, màá pè é ní Màdáámù ọmọ mi.

Kóòtù àti tàì ni mo wọ̀ lọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo gbé ìwé orúkọ ńlá kan lọ, mo sì ń pe orúkọ láràárọ̀ bíi tíṣà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo ṣàkíyèsí ohun kan. Obìnrin tó jókòó sórí àpótí kẹrin lọ́jọ́ Ajé kọ́ ló jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì sì dáhùn sí. Ní gbogbo ọdún mi níjọba ni mo fi wá òṣìṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kò sí, n kò rí ẹyọ kan mú. Ibí yìí, ènìyàn méjì ló wà lórí orúkọ kan. Kí n má purọ́, inú mi dùn.

Mo pe ìpàdé. Mo ní láti ọjọ́ yẹn lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ní orúkọ ẹlòmíràn. Ẹni tí kò bá ní lè wá, kí ó kọ̀wé gbàyè ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Màmá àgbà kan, tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin náà, tó sì ti ń bó ẹ̀gẹ́ kí ilé iṣẹ́ náà tó wà, gbé ọ̀bẹ rẹ̀ sílẹ̀.

"Bàbá, ibà tó bá fẹ́ mú mi, ṣé yóò kọ́kọ́ sọ fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú?"

Mo ní òfin ti pèsè fún àìsàn. Kí wọ́n mú ìwé dókítà wá.

"A ti gbọ́," ó ní, ó sì mú ọ̀bẹ rẹ̀ padà. Ọmọ agbègbè yẹn ni mí. Ó yẹ kí n mọ̀ pé "a ti gbọ́" yàtọ̀ sí "a ti gbà".

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ìyálọ́mọ kan nínú wọn gbé ọmọ rẹ̀ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Àbúrò rẹ̀ wá jókòó sí àpótí rẹ̀, ó bó apẹ̀rẹ̀ méje. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í bó ju márùn-ún lọ. Mo kọ kúẹ́rì. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́, ojú ìwé méjì, kó lè wúwo. Mo ní kí ó wí tẹnu rẹ̀ láàrin wákàtí mẹ́rìnlélógún. Mo dì í sínú àpò ìwé, mo fi lé e lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó sì dúpẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó jókòó dáadáa, ó ti dúró ti tábìlì mi pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ìwé yìí. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù níbí."

Mo ṣí i, mo bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀. Ohun tó ń dún bí ààrá ní Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tó dé ẹnu mi ní Yorùbá, kò ju báyìí lọ: "A rí i pé o kò sí níbi iṣẹ́ rẹ, o sì fi ẹlòmíràn sí ipò rẹ láìgba àṣẹ. Sọ ìdí tí a kò fi ní bá ọ wí."

Ó tún ọmọ rẹ̀ pọ̀n. "Ta ló kọ ọ́, Bàbá?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin tí ẹ wà níbí yìí?"

"Èmi náà ni."

"Ẹ rí mi nígbà tí mò ń kọjá lọ síbi abẹ́rẹ́. Ẹ tiẹ̀ ní kí n rọra." Kò bínú. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. "Kí ló dé tí ẹ ò kúkú bi mí?"

Mo ní ìwé náà ń fẹ́ èsì ní kíkọ sílẹ̀, kí ọjọ́ tó rọ̀. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó wo bírò tó wà lọ́wọ́ mi.

"Ẹ bá mi kọ ọ́," ó ní.

Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣìnà. Ó yẹ kí n kọ̀. Ṣùgbọ́n bí nǹkan kan bá wà tí mo fẹ́ràn ju kíkọ kúẹ́rì lọ, òun ni fífèsì rẹ̀. Nígbà tí mo wà níjọba, àwọn tí mo bá fún ní kúẹ́rì lọ́sàn-án máa ń yọ́ wá bá mi nírọ̀lẹ́ kí n bá wọn fèsì. Mo bi í léèrè, ó ń dáhùn, ọmọ ń sunkún, mò ń kọ. Mo kọ ọ́ pé ìlera ọmọdé ni òfin fúnra rẹ̀ fi ṣáájú. Pé àpótí kò ṣófo. Pé méje ju márùn-ún lọ. Pé ọ̀gá tó rí òṣìṣẹ́ lójú ọ̀nà, tó sì ní kí ó rọra, ti fún un láyè. Èyí tó kẹ́yìn yẹn dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó tẹ̀ka sí i. Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo tún tàì ṣe, mo di ọ̀gá padà, mo kà á bí ẹni tí kò rí i rí. N kò rí ibi tí mo lè di í mú.

Ọ̀rọ̀ náà tàn. Láàrin ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo kọ kúẹ́rì mẹ́fà, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì wá tò síwájú mi kí n fèsì. Ọ̀kan tó wá láti òdìkejì ẹnubodè, tó máa ń fi Faransé pè mí ní Ṣẹ́ẹ̀fù, ìyẹn ọ̀gá, ní kí n jẹ́ kí tòun dùn ju ti ìyálọ́mọ lọ. Àwọn tó kù dìde láti wá gbọ́ bí yóò ṣe dùn tó. Ẹ̀gẹ́ tí a bá ti wú kì í dúró de ènìyàn. Tó bá fi di ọjọ́ kẹta, inú rẹ̀ á ti máa dúdú. Ẹ̀gẹ́ tiwa ti pé ọjọ́ kẹta nílẹ̀ láìbó nígbà tí Màdáámù wọlé.

Ó wo òkìtì ẹ̀gẹ́, ó wo àwọn tó tò, ó wò mí. Ó mú fáìlì mi, ó jókòó sórí àpótí tó ṣófo, ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Bàbá, ta ló kọ èyí?"

"Èmi ni."

"Èyí tó fèsì rẹ̀ ńkọ́?"

"Èmi náà ni."

"Ta ló wá jàre?"

Mo wá ọ̀rọ̀ ńlá kan tí mo lè fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Kò wá. "Àwọn ni," mo ní.

Kò rẹ́rìn-ín. Ì bá sàn kó rẹ́rìn-ín. Ó pe màmá àgbà, ó ní kí wọ́n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é kí n tó dé.

"Àáró ni," màmá ní. "Kò sí ẹni nínú wa tí kò ní ẹnìkejì. Bí n kò bá lè wá, ẹnìkejì mi á jókòó fún mi. Lọ́jọ́ tí òun náà bá fẹ́ gbin àgbàdo, èmi á lọ bá a lóko. Bí a ṣe ń ṣe é lóko nìyẹn."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún Bàbá?"

"Wọn ò bi wá."

Màdáámù ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin ilé iṣẹ́. Mo kọ ojú ìwé mọ́kànlá. Ó gé e kù sí ìlà márùn-ún, ní Yorùbá, ó sì ní kí n kà á sókè fún gbogbo wọn. Ohun kan ṣoṣo tó kù nínú tèmi ni pé kí a máa kọ orúkọ adelé náà sílẹ̀, nítorí pé bí ọ̀bẹ bá ge ẹnìkan lọ́wọ́, ó yẹ ká mọ ẹni tí a ń tọ́jú. Màmá àgbà ní ìyẹn dáa. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé fún ìyàwó mi bí ẹran ọdún.

Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú wọn lọ bímọ. Ẹnìkejì rẹ̀ jókòó fún un fún oṣù mẹ́ta. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé ọmọ dé. Ẹnìkejì rẹ̀ dìde, ó fi etí aṣọ nu àpótí, ó na èkù ọ̀bẹ sí i, ó sì lọ sóko. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo jókòó nídìí tábìlì mi, mo ń rántí obìnrin agbálẹ̀ kan ní ọ́fíìsì wa àtijọ́, tí mo dá ìwé ìsinmi ìbímọ rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀mẹta nítorí irú bírò tó fi kọ ọ́. Ọmọ náà ti ń hu eyín nígbà tí mo fọwọ́ sí i. Mo rò nígbà yẹn pé iṣẹ́ mi ni mò ń ṣe, mo sì ṣe é dáadáa.

Mo ṣí ìwé orúkọ, mo kọ ọ́ pé ó ti dé. Mo bọ́ kóòtù mi kọ́ ẹ̀yìn àga, mo lọ wo ọmọ.