Ojú Ìyá Àgbà Ṣáájú Aṣọ

Ní Ìkòròdú, nígbà tí mo ti yunifásítì dé, aṣọ ni àwọn ènìyàn máa ń yà sínú fọ́tò. Ojú ẹni kò ju ìṣó tí wọ́n fi aṣọ kọ́ lọ. Ọ̀gá iléèwé tí mo ti ń kọ́ni wọ kóòtù mọ́ kóòtù nínú ooru láti ya tirẹ̀. Nígbà tí fọ́tò náà dé, bọ́tìnì ló kọ́kọ́ wò.

Èmi náà kò sàn jù ú lọ. Mo ra kámẹ́rà, mo sì ra ìwé tó ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ìlú tí oòrùn ti ń yọjú bí àlejò ni ẹni tó kọ ọ́ ń gbé. Ó ní bí oòrùn bá ràn, kí n dín ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ inú kámẹ́rà kù. Mo gbà á gbọ́, nítorí pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Mo lọ sí Èbúté Ìkòròdú lọ́sàn-án gangan, mo ya àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí mo fọ fíìmù náà tán, aṣọ funfun wọn hàn débi pé èèyàn lè rí òwú rẹ̀. Ojú wọn dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ọ̀rẹ́ mi kan wò ó, ó ní, "Àwọn aṣọ yìí mà ń dá rìn."

Ó yé mi lẹ́yìn náà. Aṣọ funfun àti omi ọ̀sà ń da ìmọ́lẹ̀ sínú kámẹ́rà bí òjò. Ojú dúdú ń fún un ní díẹ̀díẹ̀. Ohun tó tó aṣọ kò lè tó ojú. Ẹni tó bá fẹ́ ojú gbọ́dọ̀ ṣí ihò náà sílẹ̀ dáadáa, kó jẹ́ kí aṣọ wá ti ara rẹ̀ ṣe. Dúdú àti funfun nìkan ni fíìmù mi mọ̀, nítorí náà mo tún kọ́ bí mo ṣe lè rí fọ́tò kí n tó tẹ kámẹ́rà. Mo máa ń dijú díẹ̀ títí gbogbo àwọ̀ á fi lọ, tí yóò ku ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn. Obìnrin kan tó ń ta ẹja ní èbúté ṣàánú mi.

"Tíṣà, ìwé yín ti pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí ojú yẹn sinmi."

Ojú náà kò sinmi, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí kò fi tàn mí mọ́. Mo sọ ọ́ láìtijú.

Ìgbà náà ni wọ́n ránṣẹ́ pè mí láti Ẹ̀pẹ́. Ìyá ìyá mi ń lọ sí Mẹ́kà. Ó ti dàgbà, ọ̀nà jìn, àwọn kan sì ti lọ tí wọn kò padà. Kò ya fọ́tò rí láyé rẹ̀, ó sì fẹ́ kí ọ̀kan wà nílé bí òun bá kú sọ́hùn-ún.

Àbúrò ìyá mi ọkùnrin ló ra aṣọ funfun tó wọ̀. Ó dúró lẹ́yìn mi bí olùyẹ̀wò iléèwé.

"Gbogbo iṣẹ́ abẹ́rẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ hàn. Èkó ni wọ́n ti ṣe é."

"Bọ̀ọ̀dá, bí iṣẹ́ abẹ́rẹ́ bá hàn, ojú ò ní hàn."

"Kí wá ni wọ́n kọ́ yín ní yunifásítì?"

Ìyá Àgbà tún ìborùn rẹ̀ ṣe. "Bí mi ò bá dé mọ́, ṣé aṣọ ni ẹ ó máa kí? Tíṣà, ojú mi ni kó o yà."

Mo gbé àga rẹ̀ kúrò nínú oòrùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ṣí ihò kámẹ́rà ju ohun tí ìwé wí lọ, mo dijú díẹ̀, mo sì rí fọ́tò náà: aṣọ ti di ìkùukùu, ṣùgbọ́n ìlà ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, àti gbogbo ibi tí èéfín ẹja tó ń yan tà ti mú awọ etí ojú rẹ̀ hunjọ. Mo tẹ̀ ẹ́. Wọ́n kírun ọ̀sán tán, wọ́n sì mú Ìyá Àgbà lọ.

Bí mo ṣe rí i ló ṣe jáde. Bọ̀ọ̀dá gbé fọ́tò náà súnmọ́ fèrèsé.

"Aṣọ mi dà?"

"Ó ti ṣáájú Ìyá Àgbà dé Mẹ́kà."

Kò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó gbé e kọ́ sí pálọ̀, ìyàwó rẹ̀ sì sọ fún mi pé kò sí àárọ̀ tí kì í dọ̀bálẹ̀ kí i kó tó jáde.

Ìyá Àgbà padà dé láyọ̀, ó di Àlájà, ó sì gbé eyín góòlù dé. Ó wo fọ́tò náà pẹ́.

"Ta ni arúgbó yìí? Mo ti dé, ojú mi ti wà nílé. Ó yá, aṣọ ni kó o yà. Àti eyín."

Bọ̀ọ̀dá wò mí bí ẹni tó jàre lẹ́jọ́. Mo dijú díẹ̀. Nínú fíìmù mi, góòlù yóò dúdú, aráyé á sì ní wọ́n yọ ọ́ léyín ní Mẹ́kà, àfi bí oòrùn bá kọ mànà lára rẹ̀.

"Àlájà, ẹ yíjú sí apá ọ̀sà díẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín."

"Kí ló pa mí lẹ́rìn-ín?"

"Ẹ wo Bọ̀ọ̀dá."

Bọ̀ọ̀dá ti kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ na etí aṣọ náà bíi télọ̀. Ìyá Àgbà bú sẹ́rìn-ín, mo sì tẹ̀ ẹ́.

Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ hàn, eyín tàn, ojú dúdú díẹ̀. Kò sẹ́ni tó ráhùn. Ẹni tó ni ojú jókòó sáàárín àwọn ará ilé, ó ń bá wọn jà nítorí ẹja tí wọ́n jẹ́ kó bàjẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.