Ṣé Ó Ti Kọjá?

Bí ẹ bá dé abúlé kan lẹ́yìn Ahoyéyé, lágbègbè Pobè, tí ẹ béèrè akéde ibẹ̀, Ṣóbándé ni wọn yóò júwe fún yín. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Bàbá rẹ̀ ló fi agogo sílẹ̀ fún un, pẹ̀lú òfin kan ṣoṣo: má fi agogo yìí purọ́. Ọgbọ̀n ọdún ló fi pa òfin náà mọ́. Tó bá ní odò máa kún lọ́la, àwọn obìnrin á ti kó aṣọ tí wọ́n sá sí etí odò wálé kí òjò tó ṣú. Ẹ má fojú kéré irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ o, kì í ṣe ọjọ́ kan ni ènìyàn ń ní in.

Ìyá rẹ̀ ló fẹ́ràn agogo náà jù. Ìyá Akéde ti lé lọ́gọ́rin ọdún, iyàrá tó kángun sójú pópó ló ń gbé nílé ọmọ rẹ̀. Bí Ṣóbándé bá ti kéde tán, òun ni yóò kọ́kọ́ dáhùn láti inú ilé: "Akéde mi, a gbọ́ o!"

Ọdún tí àrùn ikọ́ dé, tí gbogbo ayé ń bo imú bo ẹnu, Chancelle tó jẹ́ nọ́ọ̀sì gun alùpùpù wá bá Ṣóbándé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ọmọ Ègùn láti Àjàṣẹ́ ni, èdè Nàgó ẹnu rẹ̀ kò jinlẹ̀. Ìwé ìjọba wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kéde. Kọ̀nfínímà ni, ọjọ́ méje."

"Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?"

"Pé kí ènìyàn jókòó sílé, kó má jáde."

Ṣóbándé rẹ́rìn-ín. "Ìséde nìyẹn! Èyí kò le rárá."

Ọmọbìnrin náà kò mọ̀ pé Orò ló ni ọ̀rọ̀ yẹn lọ́dọ̀ wọn. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó gun alùpùpù rẹ̀, ó lọ.

Ni akéde wa bá jáde. "Gbogbo ilé o! Ìjọba ní kí n sọ fún yín! Ìséde ni, ọjọ́ méje gbáko!" Kò tíì lu agogo lẹ́ẹ̀kejì tí ilẹ̀kùn fi ń pa dé, gbà, gbà, gbà. Àwọn obìnrin fi ọmọ odó sílẹ̀ nínú odó. Orí Ṣóbándé wú. Àwọn ọkùnrin ńkọ́? Ìgbà wo ni ìséde ti ọkùnrin mọ́lé rí? Bonaventure tó ń dá ẹmu gbé àga sábẹ́ igi, igbá kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi ń mu ún káàkiri. Bonaventure ń wúkọ́. Ṣóbándé gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà mu.

Lẹ́yìn náà ló gbé iṣu sísun lọ fún ìyá rẹ̀. Ìyá ti dì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó kọjú sí i, ó fi aṣọ borí.

"Akéde mi, ṣé ó ti kọjá?"

"Kò tíì kọjá, Ìyá. Tó bá kọjá, èmi fúnra mi ni màá wá sọ fún yín."

Ní ọjọ́ kẹta, kò sí ohùn obìnrin kankan lábúlé, àfi ikọ́ ọkùnrin. Oòrùn mú ganrínganrín, àwọn aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn kò sì rí ẹni kó wọn. Bí Ṣóbándé ti ń kọjá, ó ń rí ojú láwọn ihò ilẹ̀kùn. Lójijì làwọn tó wà lábẹ́ igi lọgun: "Yéè! Obìnrin ló ń bọ̀ lójú pópó!" Ṣóbándé yíjú sẹ́yìn. Chancelle ni.

"Bàbá, kí ló dé tí àwọn ọkùnrin fi wà níta?"

"Ṣebí ọkùnrin ni wọ́n."

Chancelle ká ọwọ́ lérí. "Bàbá! Gbogbo ènìyàn ni mo wí! Ṣé àrùn mọ ọkùnrin ni?"

Ṣóbándé gbá agogo mú, ó ń sáré: "Kì í ṣe ti Orò o! Tọkùnrin tobìnrin, ẹ wọlé!" Bonaventure rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. "Ìjẹta ìséde, òní kì í ṣe ìséde. Akéde, èwo ni ká gbà nínú méjèèjì?" Kò sẹ́ni tó dìde. Àwọn obìnrin náà kò ṣílẹ̀kùn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí agogo dún tí ẹnikẹ́ni kò mira.

Ó délé, ó bá ìyá rẹ̀, èémí ń súfèé láyà rẹ̀. Chancelle tó tẹ̀ lé e ní kí wọ́n gbé ìyá lọ sílé ìwòsàn ní Pobè. Ìyá di férémù ilẹ̀kùn mú.

"Ṣé kí n fojú kan ohun tí obìnrin kì í rí? Ìwọ náà lo kéde rẹ̀."

"Ìyá, mo ṣì í sọ ni. Ẹ dákun!"

"Irọ́ ni. Agogo rẹ kì í purọ́."

Ó kú ní ọjọ́ karùn-ún, nínú iyàrá náà. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ yẹn gan-an, Ṣóbándé sì ti ilẹ̀kùn náà pa.

Nígbà tí ọjọ́ méje pé, ó jáde lọ́sàn-án gangan, ó lu agogo, ó ní kí kálukú máa jáde. Kò sí obìnrin tó jáde. Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kan sí èkejì ni ohùn jẹ́jẹ́ ti ń béèrè: "Akéde, ṣé ó ti kọjá?" Ó ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi kan ilé tirẹ̀.

"Akéde mi, ṣé ó ti kọjá?"

Ohùn ìyá rẹ̀ ni, ó mọ́ kedere. Ẹ̀rù bà á débi pé agogo bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi iwájú orí ti ilẹ̀kùn náà, ó ń sunkún.

"Ìyá mi, àṣìṣe mi ni. Kì í ṣe ìséde."

Ó dúró títí oòrùn fi yẹ àtàrí. Kò sẹ́ni tó dáhùn pé a gbọ́.