Gìtá Tí Adéníjì Fi Ẹsẹ̀ Lásán Dán Wò

Adéníjì ni orúkọ rẹ̀, gìtá ló sì ń ta ní ìjọ aláṣọ funfun kan ní Ìbà. Iṣẹ́ tó ń ṣe jẹ ni aṣọ rírán. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Òkòkòmaikò, sùtánà nìkan ló sì ń rán níbẹ̀. Ọmọ Ìlaròó ni. Kò rán aṣọ mìíràn, kò sì lọ sí ìjọ mìíràn.

Nínú ìjọ náà, bàtà kì í wọlé. Olùṣọ́ tó jẹ́ olórí ìjọ kì í wọ̀ ọ́, akọrin kì í wọ̀ ọ́, ẹni tó ń ta gìtá náà kì í wọ̀ ọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ ìsìn, àwọn obìnrin a fi omi fọ ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì, orin a sì ti bẹ̀rẹ̀ kí ilẹ̀ náà tó gbẹ. Iná mànàmáná tí kò ní ṣe ẹni tó wọ bàtà ní nǹkan kan lè gbé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lásán nínú omi ṣánlẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ọkùnrin kan fi ọwọ́ kan di gìtá mú, ó fi ọwọ́ kejì mú maikirofóònù, iná sì gbé e. Kò kú, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó lè sọ̀rọ̀.

Láti ìgbà náà, wọn kì í ra gìtá, wọn kì í sì í ra áńpù, ìyẹn àpótí tó ń gbé ohùn gìtá jáde, láìjẹ́ pé Adéníjì bọ́ bàtà, ó dúró lórí sìmẹ́ǹtì tútù, ó sì fi ọwọ́ kan okùn gìtá náà. Bó bá ní kò gbé òun, wọ́n á rà á. Bó bá ní ó gbé òun, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Ẹnikẹ́ni kì í bi í lẹ́ẹ̀mejì.

Àtọ̀gbẹ ti ń bá a fínra tipẹ́. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ kú. Nọ́ọ̀sì sọ fún un pé kó máa wọ ìbọ̀sẹ̀, kó máa gbọn bàtà rẹ̀ kó tó wọ̀ ọ́, kí ẹnì kan sì máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò, nítorí egbò tí kò ní mọ̀ pé òun ní. Ìyàwó rẹ̀ ló ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìka ọwọ́ òsì tẹ̀lé e. Sùtánà ọmọdé kan ló ń rán lọ́jọ́ tó mọ̀. Ó rí ohun pupa lára aṣọ funfun náà, ó rò pé ẹnì kan ló ta epo sí i. Ìgbà tó wò ó dáadáa ló rí i pé abẹ́rẹ́ máṣìnnì ti gún orí ìka rẹ̀, ó sì ti jáde. Kò dùn ún. Ó fi omi tútù àti iyọ̀ fọ ojú ibẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ náà fi lọ, ó sá a sí oòrùn, ó sì rán an parí. Ẹni tó ni aṣọ wá mú un, ó sì dúpẹ́.

Kò sọ fún ará ìjọ kankan. Nítorí gìtá ni wọ́n ṣe ń pè é ní Bàbá Olórin. Bí kò bá ta gìtá mọ́, àárín èrò ni yóò máa jókòó sí, tí yóò máa wo ọwọ́ ẹlòmíràn. Kò rò ó kọjá ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ìka rẹ̀ kò mọ okùn mọ́, agbára ló máa ń lò. Bí wọ́n bá sì tẹ okùn gìtá jù, ohùn rẹ̀ a gòkè ju ibi tó yẹ kó wà lọ. Kì í gòkè púpọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò ní gbọ́ ọ. Àrínọlá gbọ́ ọ.

Àrínọlá ni olórí àwọn akọrin. Ó ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ ìwé ní Ìyànà Ìbà, lẹ́bàá géètì ilé ìwé gíga. Adéníjì ló kọ́ ọ ní gìtá, òun ló sì máa ń ta á nígbà tí Adéníjì bá lọ sí ilé ìwòsàn. Kò sọ ohun tó gbọ́ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n Olùṣọ́ náà ní etí.

Nígbà tó di pé òjò jò sórí gìtá ìjọ, tí ọrùn rẹ̀ ká bí igi ìdáná, Olùṣọ́ sọ lójú gbogbo èèyàn pé gìtá tó bá bá ọwọ́ Bàbá Olórin mu ni kí wọ́n rà, pẹ̀lú áńpù tuntun. Lẹ́yìn náà ló pe Àrínọlá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kó sin Bàbá lọ, kó sì gbọ́ ọ dáadáa. Adéníjì mọ̀. Ẹni tó ti ń dá lọ sọ́jà láti ọjọ́ yìí wá, tí wọ́n wá ní kí ẹnì kan sìn ín, kò nílò kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Wọ́n lọ ní ọ̀sán Àbámẹ́ta. Wàhábì ni wọ́n lọ bá. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni Wàhábì, fíríìjì ló ń tà ní Alábà tẹ́lẹ̀ kó tó wá ṣí ṣọ́ọ̀bù ohun èlò orin sí etí títì Àgbádárìgì. Tòkunbọ̀ ni gbogbo ọjà rẹ̀. Ó ti mọ Adéníjì pẹ́. Bó ṣe rí i ló fi ẹsẹ̀ ti ike omi síwájú, ó ní òun ti pọnmi sílẹ̀ de ẹlẹ́sẹ̀ lásán.

Ó ní, "Àwa náà ń bọ́ bàtà wọ mọ́sálásí, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹní ló wà nílẹ̀ tiwa, lèmọ́mù wa kì í sì í ta gìtá."

Adéníjì ní kó gbé àwọn gìtá náà wá.

Mẹ́ta ló wà nílẹ̀. Áńpù tí Wàhábì fi ń dán ọjà wò fún oníbàárà ni wọ́n kọ́kọ́ lò. Adéníjì jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó sì gba àkọ́kọ́.

Èyí tí àwọn olórin ń pè ní Sítírátì ni. Ó fúyẹ́. Wọ́n ti ha igi rẹ̀ níbi tó ti ń kan ìhà, nítorí náà ó lẹ̀ mọ́ èèyàn bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n. Ohùn rẹ̀ mọ́, ó sì rọ̀. Ọ̀pá kékeré kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n fi ń yí ohùn padà. Bí wọ́n bá fi ọ̀pá náà sí agbedeméjì, ohùn a máa jáde bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sínú akèrègbè. Ohùn yẹn ni orin aláṣọ funfun ń fẹ́. Kì í bá agogo jà, kì í bo akọrin mọ́lẹ̀. Tí ọwọ́ Adéníjì bá ṣì jẹ́ ti tẹ́lẹ̀ ni, kì bá tí wo àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n okùn rẹ̀ tín-ín-rín, àwọn irin wẹ́wẹ́ tó dábùú ọrùn rẹ̀ sì ga. Bó ṣe tẹ okùn, ohùn gòkè. Ó dín agbára kù, okùn kò dún rárá. Ó tún fi agbára sí i, ó tún gòkè. Kò sí àárín tí ìka rẹ̀ lè rí. Ó wo Àrínọlá. Àrínọlá ń wo ilẹ̀.

Ó dá a padà, ó ní kò burú.

Èyí tí wọ́n ń pè ní Lẹ́sì ni wọ́n tún gbé fún un. Ó wúwo bí orí máṣìnnì ìránṣọ, bẹ́líìtì rẹ̀ sì wọ èjìká. Ohùn rẹ̀ sanra, ó rinlẹ̀, kì í tètè kú.

Wàhábì ní, "Èyí, bí ẹ bá ta á báyìí, ẹ lè lọ kírun, kí ẹ padà dé bá a lẹ́nu ẹ̀."

Àrínọlá rẹ́rìn-ín. Adéníjì ta á díẹ̀. Ó sọ pé ohùn náà pọ̀ jù, pé yóò máa bo ohùn àwọn obìnrin mọ́lẹ̀. Òótọ́ ni. Òótọ́ náà sì ni pé òun kò mọ ibi tí okùn kan parí sí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀ lọ́rùn gìtá náà.

Ìkẹta ni Tẹ́lì. Igi pẹlẹbẹ lásán ni, kò sí ibi tí wọ́n ha nínú rẹ̀, etí rẹ̀ ń gún egungun ìhà. Ohùn rẹ̀ le, ó ń dún bí ìgbà tí wọ́n fi ṣíbí kan ẹnu abọ́ tánńganran. Ẹni tó lò ó tẹ́lẹ̀ ti lò ó gbó. Okùn tó nípọn ló so sí i, àwọn irin ọrùn rẹ̀ sì ti jẹ débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bá igi dọ́gba. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ pé kò ní fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n níbi tí irin bá ti jẹ tán, bí èèyàn ti wù kó tẹ okùn tó, igi ni yóò bá, ohùn kò ní gòkè. Adéníjì ta orin kan parí lórí rẹ̀. Kò gòkè. Ó tún un ta. Àrínọlá gbé ojú sókè.

Adéníjì ní, "Eléyìí bá ọwọ́ mi mu."

Wàhábì wò ó. Ó béèrè bóyá Bàbá rí irin ọrùn ẹ̀. Adéníjì ní òun rí i. Wàhábì ní òun kò mọ̀ pé àwọn aláṣọ funfun ti ń ra àlòkù àlòkù. Àrínọlá rọra fi ọwọ́ pa ọrùn Sítírátì níbi tí wọ́n gbé e tì, ó sì mú ọwọ́ kúrò.

Ó wá ku áńpù. Wàhábì gbé èyí tí ìjọ fẹ́ rà jáde, ó ki ẹnu wáyà Tẹ́lì bọ̀ ọ́, ó tan án. Ó da omi sílẹ̀ sìmẹ́ǹtì bí ó ṣe máa ń dà á. Adéníjì bọ́ bàtà, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó gbé Tẹ́lì kọ́ èjìká, ó sì dúró sínú omi.

Kò ṣe é bí àṣà lásán. Ó ti rò ó nílé. Abẹ́rẹ́, ẹ̀gún, omi gbígbóná, ó mọ̀ pé ìwọ̀nyí lè kan òun kí òun má mọ̀. Ṣùgbọ́n iná, ó ní lọ́kàn ara rẹ̀, kì í ṣe abẹ́rẹ́. Kò sí ẹran ara tí iná kì í jí. Ohun tó gbà gbọ́ nìyẹn.

Ó gbé ọwọ́ òsì lé okùn. Ó dúró. Ó rí i pé ìka òun ń gbọ̀n díẹ̀, ó kà á sí ọjọ́ orí.

Ó ní, "Kò gbé mi."

Àrínọlá ti bọ́ bàtà tirẹ̀ náà, ó fẹ́ gba gìtá náà kó gbọ́ bó ṣe rí lọ́wọ́ òun. Ó wọ inú omi, ó na ọwọ́ sí okùn. Ọwọ́ náà fò padà bí ẹni tó kan ikòkò lórí iná. Ó fà sẹ́yìn, ó sì fi ọwọ́ náà há abẹ́ apá.

Ó ní, "Ó gbé mi."

Wàhábì fa tẹ́sítà yọ lápò, ìyẹn síkúrúdíráfà tó ní gílóòbù kékeré nínú. Kò bọ́ sínú omi. Ó na apá, ó fi ẹnu tẹ́sítà náà kan okùn gìtá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka Adéníjì. Gílóòbù náà tàn, ó pọ́n. Adéníjì wo iná pupa náà. Ó wo ìka rẹ̀ tó wà lórí okùn kan náà. Wàhábì mú tẹ́sítà kúrò, ó tún fi kàn án. Ó tún tàn.

Wàhábì pa áńpù. Ó yọ wáyà rẹ̀ lára ògiri.

Àrínọlá ní, "Ẹ ò mọ̀ ọ́n lára rárá, Bàbá?"

"Rárá."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́."

Ó gbé gìtá kúrò lọ́rùn, ó gbé e lé Wàhábì lọ́wọ́. Ó ní kó tún áńpù yẹn ṣe kó tó tà á fún ẹlẹ́sẹ̀ lásán kankan. Wàhábì ní yóò ṣe é, ó ní wáyà ilẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti gé láti ibi tó ti ń bọ̀. Adéníjì jókòó. Ó fi àkísà nu ẹsẹ̀ rẹ̀, ó yẹ abẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan wò bí ìyàwó rẹ̀ ṣe máa ń yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí egbò níbẹ̀.

Ó ní, "Sítírátì ni kí ẹ rà. Kó bá ọwọ́ tìrẹ mu."

"Bàbá, Olùṣọ́ ní èyí tó bá bá ọwọ́ yín mu ni."

"Olùṣọ́ ní kí o wá gbọ́. Ṣé o ti gbọ́?"

Àrínọlá wo Sítírátì níbi tí wọ́n gbé e tì. Ó ṣì há ọwọ́ náà sábẹ́ apá.

"Mo ti gbọ́, Bàbá."

Adéníjì ní kí ó máa bọ́ bàtà kó tó ra ohunkóhun, kó má fi ti ẹnikẹ́ni ṣe. Àrínọlá ní ó dáa. Wàhábì ní kí Bàbá mu mínírà tútù kan kó tó lọ. Adéníjì ní òun kì í mu ohun dídùn mọ́. Ó wọ ìbọ̀sẹ̀. Ó gbọn bàtà kan, ó gbọn èkejì, kò sí òkúta nínú wọn. Ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ wọ́n, ó sì fi ojú wò ó bóyá wọ́n ti wọlé tán.

Ó fi ọwọ́ ti ògiri, ó dìde, ó sì lọ.