Ìyá Amọ̀kòkò Tí Ọmọ Mi Ń Yà

Òórùn amọ̀ tútù ni ó kọ́kọ́ kọ́ mi ní owú. Ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ àwòrán yíyà, ni ó ń gbé e wọlé lára aṣọ rẹ̀ ní gbogbo ìsinmi ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà yẹn. Àgbà obìnrin kan tó ń mọ ìkòkò ní Ìgèdè ni ó fẹ́ yà fún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀. Tí ó bá ti wọkọ̀ ní ibùdókọ̀ Fájuyì ní Adó níbí ní agogo méje àárọ̀, ó di ìrọ̀lẹ́. Bó bá sì dé, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò ju "Ìyá sọ pé" lọ. Ìyá wo? Èmi tí mo bí i, "Mọ́mì" ni mò ń jẹ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, mo di ìrẹsì àti oògùn ibà, mo lọ wò ó bóyá ibẹ̀ mọ́. Mo bá ìyá náà níbi tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ń fi ẹ̀yìn rìn yí ìkòkò po, tó ń fọwọ́ dán ẹnu rẹ̀. Ọmọ mi jókòó sórí àpótí, ó tẹjú mọ́ ọn. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo dé. N kò rántí ìgbà tó wò mí bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán, mo sáré síwájú kí wọ́n lè rí i pé èmi náà wúlò. Mo di ẹnu ìkòkò tútù náà mú, mo gbé e bí ẹni gbé korobá. Ẹnu rẹ̀ já sí mi lọ́wọ́, ìyókù wó palẹ̀.

Ìyá náà bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá ọmọ, abẹ́ la ti í gbé e, bí ọmọ titun! Àbí etí lo fi fa eléyìí wọ ulé lọ́jọ́ tí o bí i?"

Ọmọ mi kò rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ta ló ní kí ẹ fọwọ́ kàn án? Mi ò tíì yà á tán, Ọjọ́ Ajé ni mo sì máa gbé iṣẹ́ yìí fún olùkọ́ mi!"

"Fi ìyá rẹ sílẹ̀," ni ìyá náà wí. Ó kó amọ̀ náà jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wọ́n omi sí i, ó tún ń mọ ọ́n. "Ó yá, máa yà mí lọ." Inú rere rẹ̀ yẹn ló dùn mí jù. Àwọn àgbà ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Eegun nìkan ni mo gbé padà sí Adó lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí àwòrán náà parí, mo yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè dé ìsàlẹ̀: iṣan ọwọ́, amọ̀ lábẹ́ èékánná, ẹ̀yìn tó tẹ̀. Kò sí àbùkù tí mo rí. Mo bi ọmọ mi pé kí ló dé tí kò yà mí rí.

"Ẹ kì í jẹ́ kí n yà yín, Mọ́mì. Tí mo bá ti mú pẹ́ńsùlù, ẹ ó ní ṣé mo ti jẹun."

Ìlú mìíràn ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Nígbà tó wálé kẹ́yìn, mo jókòó, mo ní kó yà mí. Ọrùn ń ro mí, mo pa ẹnu mọ́, n kò béèrè oúnjẹ. Wákàtí kan gbáko ló fi tẹjú mọ́ mi. Ó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ronú kan ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko tí ìyá Ìgèdè fi jẹ irú adùn yìí, mo sì tún jowú.