Orí Ẹyẹ Tí Màmá Mi Yan

Ẹyẹ dúdú kan wà ní etíkun wa ní Abereke tó máa ń mòòkùn lépa ẹja. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan kú sínú àwọ̀n ọkọ mi. Inú ọmọ mi obìnrin, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹranko ní yunifásítì, dùn sí i. Ọpọlọ ẹyẹ náà ló nílò fún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀. Ó fẹ́ fi wé ti pẹ́ńgúìnì, ẹyẹ tí kì í fò, tó jẹ́ pé inú òkun ló ti ń wá oúnjẹ. Ó ti ní àwòrán ọpọlọ pẹ́ńgúìnì ìsinsìnyí àti ti ayé àtijọ́. Ti ẹyẹ wa ló kù.

Ó gé orí rẹ̀, ó bẹ màmá mi kí wọ́n má jẹ́ kó bàjẹ́ títí òun yóò fi ra yìnyín dé. Lọ́dọ̀ tiwa, ohun tí a kò bá fẹ́ kó bàjẹ́, orí iná igi ẹ̀gbà etí omi là ń gbé e sí. Kí ó tó dé, orí ẹyẹ ti wà láàárín ẹja lórí asẹ́ wáyà, ó ti gbẹ táútáú.

Ọmọ mi jókòó sórí pákó ẹnu ọ̀nà. Ọpọlọ inú rẹ̀ á ti sún jọ, kò sì lè rí òmíràn, torí a kì í mọ̀ọ́mọ̀ pa ẹyẹ yẹn. Màmá mi bi í bóyá yìnyín ni wọ́n fi tọ́jú ti àwọn pẹ́ńgúìnì ayé àtijọ́. Ọmọ mi fara balẹ̀ ṣàlàyé pé tiwọn ti jẹrà tipẹ́, agbárí wọn nìkan ló di òkúta; ṣùgbọ́n ọpọlọ ẹyẹ máa ń kún agbárí dẹ́múdẹ́mú, nítorí náà ìrísí rẹ̀ ṣì máa ń wà nínú eegun—

Ó dìde.

"Màmá, ẹ bá mi gbé omi gbígbóná."

Ó rẹ orí náà sínú omi, ó yọ ohun gbígbẹ inú rẹ̀ láti ihò ẹ̀yìn orí, ó da rọ́bà olómi sí i kí ó lè dì sínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó rọra fà á jáde: ìrísí ọpọlọ ẹyẹ wa, odindi. Ibi tó fi ń gbóòórùn kéré gan-an níwájú. Ó ní ti pẹ́ńgúìnì àtijọ́ tóbi ju ti ìsinsìnyí lọ.

Màmá mi gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. "Ohun kékeré yìí ló ń kó wa lẹ́ja jẹ?"

Àwọn olùkọ́ rẹ̀ gba iṣẹ́ àṣekágbá náà wọlé. Mo dúpẹ́. Mo tún dúpẹ́ pé nígbà tó rò pé gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́, kò gbóhùn sókè sí màmá mi.