Wákàtí Mẹ́fà Láti Àbújá Dé Lọ́ńdọ̀nù

Ọmọ tí kò tíì lè dá pọnmi ni mí, nílé wa ní Kabba, nígbà tí awakọ̀ kan mú ìròyìn wá láti Jọ́ọ̀sì pé oyún àbúrò ìyá mi ti wọ oṣù kẹsàn-án, ara rẹ̀ kò sì yá. Lọ́jọ́ kejì, ìyá mi gun ọkọ̀ akẹ́rù, ó jókòó lórí àpò gàrí. Ó ní òun kò ní pẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀nà ìgbà náà kì í ṣe èyí tí ẹ mọ̀. Ní Lọ́kọ́ja, odidi ọjọ́ kan ni wọ́n fi dúró kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé wọn sọdá. Lẹ́yìn odò, táyà bẹ́. Ọjọ́ márùn-ún ni ìyá mi lò lọ́nà, àwọn aládùúgbò ló sì gbẹ̀bí kó tó dé. Àlàáfíà ni ìyá àti ọmọ wà, ṣùgbọ́n àwa tó wà nílé kò mọ̀. Oṣù kan gbáko la fi ń wojú ọ̀nà. Bí ọkọ̀ bá ti dún, ìyá àgbà á jáde síta. Ọjọ́ tí ìyá mi sọ̀kalẹ̀ tó kí wa ní èdè ilé wa, tó ní, "Okun o, àwọn méjèèjì wà láyè," ńṣe ni ìyá àgbà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ní àkókò ọyẹ́ èṣí, èmi náà lọ tọ́jú abiyamọ. Ọmọbìnrin mi ló fẹ́ bímọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo ti jókòó sínú bàálù ní Àbújá, ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, kí ọkọ rẹ̀ tó pè pé ìrọbí ti mú un, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kò tíì pé. N kò tíì béèrè ohunkóhun tí wọ́n fi ní ká pa fóònù. Mo bi ọ̀dọ́bìnrin tó ń tọ́jú wa bí ibẹ̀ ṣe jìn tó.

Ó ní, "Màmá, ó tó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta máìlì, ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́fà la máa lò."

Mo gbàdúrà títí ẹnu mi fi gbẹ. A kọjá lórí aṣálẹ̀, a kọjá lórí òkun. Oúnjẹ tí wọ́n gbé wá, n kò fọwọ́ kàn án. Nígbà tí a balẹ̀, aago ọwọ́ mi ní aago mẹ́ta ọ̀sán ti lù, ti ara ògiri wọn ní aago méjì ni.

Àbúrò ọkọ ọmọ mi ló wá pàdé mi. Ó dọ̀bálẹ̀ láàárín èrò. Mo ní, "Dìde, sọ fún mi."

"Wọn ò tíì bí, Mà. Ẹ̀yin ni wọ́n ń béèrè."

Mo bá ọmọ mi nílé ìwòsàn. Ọwọ́ mi ló dì mú títí ọmọ fi ké. N kò tíì bọ́ kóòtù tí wọ́n wọ̀ fún mi nítorí òtútù tí àwọn ará ilé ní Kabba fi ti rí ojú ọmọ lórí fóònù.

Mo jókòó, ara mi rọ̀ wọ̀ọ̀. Ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù jìn ju ti Jọ́ọ̀sì lọ fíìfíì, síbẹ̀ mo bá ìrọbí ọmọ mi, ìyá mi kò sì bá ti àbúrò rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá ayé báyìí, ẹ máa dúpẹ́. Kò sí ẹni tó tún ń fi oṣù kan wojú ọ̀nà kó tó mọ̀ pé èèyàn òun wà láyè.